Ẹni Tí Ó Ń Dá Owó àti Ẹni Tí Ó Ń Pín In: Àríwísí sí Ìṣàkóso Àwọn Àjọ Ìtọrẹ-Àánú Júù ní Amẹ́ríkà

1. Ìfáárà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìgbìmọ̀ gbogbogbòò àwọn àjọ ìtọrẹ-àánú Júù ń ṣe àpéjọ ọdọọdún wọn ní ìlú Boston, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n jẹ́ Júù lọ fi ẹ̀hónú hàn níbẹ̀. Hillel Levine ni ó gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ níwájú àpéjọ náà. Wọn kò fi ẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn aṣáájú mọ owó í kó jọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ná an lé lórí. Pé àjẹkù ni ó ń kan ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Júù. Ó rọrùn láti ka ọ̀rọ̀ yìí sí aáwọ̀ láàrin èwe àti àgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, a ó rí i pé ìbéèrè kan ni gbòǹgbò rẹ̀: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti pín owó àánú?

2. Ohun tí òfin àtijọ́ sọ

Tsedaka ni èdè Hébérù ń pe ìtọrẹ-àánú. Láti ara gbòǹgbò kan náà tí ó bí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí òdodo ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Nítorí náà, ojúṣe ni ó jẹ́ fún ẹni tí ó ní. Kì í ṣe oore tí ó lè ṣe bí ó bá wù ú. Mishnah, tí í ṣe àkójọ òfin tí a ṣe ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, pàṣẹ pé ènìyàn 2 ni kí ó máa gba owó àánú, àti pé ènìyàn 3 ni kí ó máa pín in. Talmud ṣàlàyé ìdí rẹ̀. A kì í fi àṣẹ lórí ará ìlú lé ẹnì kan ṣoṣo lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń gbà á fi jẹ́ 2. Ní ti pínpín, bí ẹjọ́ owó ni ó rí, adájọ́ 3 ni ó sì ń dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Talmud tún fún àwọn ará ìlú ní àṣẹ láti yí ohun tí a kó owó náà jọ fún padà bí wọ́n bá rí i pé ó yẹ. Ó fi tálákà ìlú ẹni ṣáájú ti ìlú mìíràn. Síbẹ̀ ó ka rírà ẹni tí ó wà ní ìgbèkùn padà sí iṣẹ́ àánú ńlá. Ohun méjì ni ó yẹ kí a mú níhìn-ín. Èkíní ni pé ìdájọ́ ni òfin náà ka pínpín owó sí. Èkejì ni pé ìlú ni ó ni àṣẹ ìkẹyìn, kì í ṣe ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù.

3. Bí àjọ àpapọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Láàrin ọdún 1881 sí 1924, nǹkan bí mílíọ̀nù méjì Júù ni ó ti ìlà-oòrùn Yúróòpù wọ Amẹ́ríkà. Àìní wọn pọ̀, ẹgbẹ́ aláàánú sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oníkálukú ń lọ kan ilẹ̀kùn àwọn olówó kan náà. Ní 1895, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú Júù ní Boston para pọ̀ kí wọ́n lè máa kó owó jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Cincinnati tẹ̀ lé e ní 1896. Irú àjọ àpapọ̀ báyìí ni wọ́n ń pè ní federation. Ní 1939, lẹ́yìn ìkọlù tí àwọn Násì ṣe sí àwọn Júù ní Jámánì ní oṣù kọkànlá ọdún 1938, a dá United Jewish Appeal sílẹ̀ láti kó owó jọ fún àwọn tí ó wà nínú ewu ní òkèèrè.

A kò gbọdọ̀ fojú kéré ohun tí ètò yìí ṣe. Ẹ̀mí ni ó gbà là. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà rí owó ni ó fa ìyípadà tí a ń sọ. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yúróòpù àtijọ́, àwùjọ Júù lè bu owó-orí lé ọmọ ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tí a lè fi agbára mú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe àwọn olówó síbi àsè, tí wọ́n ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú lè kéde iye tí yóò dá lójú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì dá púpọ̀ ni wọ́n ń fi sínú ìgbìmọ̀. Báyìí ni ọwọ́ tí ń dá owó àti ọwọ́ tí ń pín in ṣe di ọ̀kan náà.

4. Àríwísí náà

Ọ̀nà mẹ́ta ni àríwísí náà pín sí. Èkíní jẹ mọ́ ẹ̀kọ́. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti 1969 ṣe rí i, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọ tí kò mọ ìtàn, èdè àti òfin àwọn baba rẹ̀ kò ní í dá owó fún ẹnikẹ́ni lọ́la.

Èkejì jẹ mọ́ ilé-ìwòsàn. Ìgbà tí àwọn ilé-ìwòsàn mìíràn kì í fẹ́ gba dókítà Júù síṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn Júù ti ní ìwúlò pàtàkì. Nígbà tí ìyẹn kásẹ̀ nílẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sì fi òfin 1965 gba ìnáwó ìtọ́jú àwọn arúgbó sọ́rùn, àwọn alárìíwísí béèrè ìdí tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń gba owó tí ilé-ẹ̀kọ́ ń wá.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ àwọn tí a kò fún ní àga. Ní 1972, Jacqueline Levine bá àpéjọ gbogbogbòò sọ̀rọ̀ lórí ipò obìnrin, pé wọ́n ń kó owó jọ, ṣùgbọ́n wọn kì í sí níbi tí a ti ń pinnu. Ní 1976, Daniel Elazar tẹ ìwé Community and Polity jáde. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń ṣe ìpinnu gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́ fún àwọn yòókù.

5. Èsì àwọn aṣáájú

Àwọn aṣáájú náà ní ohun tí wọ́n lè fi gbèjà ara wọn. Ẹni tí a kò lè fi agbára mú, bí a kò bá bọlá fún un, yóò kó owó rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ogun 1967 ní Ísírẹ́lì sì ti fi hàn pé bí ewu bá dé lójijì, ètò yìí ni ó lè tètè kó owó ńlá jọ. Òótọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ètò tí ó mọ bí a ṣe ń sáré sí ewu lè má gbọ́ igbe ohun tí ń kú díẹ̀díẹ̀. Iná tí ń jó ilé a máa hàn sí gbogbo ayé. Ikán tí ń jẹ òpó kì í pariwo.

Ìgbà tí ikán náà di ohun tí a lè kà ni wọ́n tó fetí sílẹ̀. Ìwádìí 1990 sọ pé 52 nínú 100 Júù tí ó ṣe ìgbéyàwó ní ọdún díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni kò fẹ́ Júù. Ìṣirò tí a tún ṣe lẹ́yìn náà sọ ọ́ di 43, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà wọ́n. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti béèrè ní ogún ọdún sẹ́yìn.

6. Ìgúnlẹ̀

A lè sọ nígbà náà pé àwọn èwe borí. Ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Birthright Israel bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Ísírẹ́lì lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1999, olówó méjì, Charles Bronfman àti Michael Steinhardt, ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn àjọ àpapọ̀ àti ìjọba Ísírẹ́lì dara pọ̀ mọ́ wọn. Lónìí, ọ̀pọ̀ olùfúnni ni ó ń yan ohun tí owó tirẹ̀ yóò ṣe fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ kankan pín in fún un. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti pinnu kò kúrò níbi tí ó wà. Ó tilẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ sí i.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn tí wọ́n ṣe òfin ènìyàn 2 àti ènìyàn 3 mọ̀ pé olówó lè jẹ́ ènìyàn rere, kí ó sì ṣi ìdájọ́ ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbé ìwọ̀n fún un nítorí pé òun ni ó mú ọjà wá.