Láti Ọ̀rọ̀ Àbíkú dé Ìpínlẹ̀ Illinois

Láyé àwọn baba ńlá wa, bí obìnrin bá ń bímọ tí ọmọ ń kú léraléra, ọmọ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní àbíkú ni. Wọ́n á sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Dúrósinmí. Bó bá tún kú, wọ́n á sàmì sí i lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. Ìgbà tí a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni a tó mọ̀ pé ibà àti fòníkú-fọ̀ladìde ló pa púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ̀bi ṣe kúrò lórí ọmọ ni ọ̀nà ìtọ́jú là.

Ní Amẹ́ríkà, odindi ẹ̀yà kan ni wọ́n dá lẹ́bi báyìí. Ní 1896, Frederick Hoffman, oníṣirò fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kọ ìwé pé àbùdá àwọn èèyàn dúdú ló ń pa wọ́n. Lákòókò yẹn gan-an ni W. E. B. Du Bois ń wọ ojúlé dé ojúlé ní Philadelphia, tó ń béèrè iye èèyàn tó ń gbé yàrá kan, owó ilé àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìwé tó gbé jáde ní 1899 fi hàn pé ìgbé ayé tí wọ́n fún wọn ló wà nídìí púpọ̀ nínú àìsàn wọn.

Àwọn kan ṣì ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lónìí. Wọ́n kọ́ ìmọ̀ ìlera gbogbogbòò àti ìṣirò, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń ṣòfin. Ní 1997, dókítà Richard David àti James Collins ṣí àkọsílẹ̀ ìbí ní Illinois, wọ́n sì pín àwọn ìyá sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní ìpíndọ́gba, ọmọ àwọn obìnrin òyìnbó tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà wọn gíráàmù 3,446. Ọmọ àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n bí sí Áfíríkà wọn 3,333. Ọmọ àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà wọn 3,089. Bó bá jẹ́ àbùdá ni, ọmọ àwọn tó ti Áfíríkà wá ni ì bá kéré jù. Ní 2002, ìwádìí wọn tún fi hàn pé bí àwọn ọmọbìnrin tí àwọn àjèjì dúdú bí síbẹ̀ bá bímọ tiwọn, ìwọ̀n ọmọ ń dínkù sí ti ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i.

Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ló ń ti òfin lẹ́yìn. Ní 2021, ní Amẹ́ríkà lápapọ̀, obìnrin dúdú 69.9 ló kú nínú ìbímọ 100,000. Ti òyìnbó jẹ́ 26.6. Ó ju ìdajì ikú tó tan mọ́ oyún lọ tó ń wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, tẹ́lẹ̀rí, Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó, máa ń fi ìyá ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọjọ́. Ní 2021 náà ni òfin tuntun gba àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti sọ ọ́ di oṣù méjìlá.

Àwọn òbí Yorùbá ní Chicago àti Houston máa ń fẹ́ kí ọmọ wọn di dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ ka iye, kí òun sì wádìí òfin, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ sì tì í lẹ́yìn. Àwọn ọmọ-ọmọ tiwa náà wà lára àwọn tí wọ́n ń wọ̀n.