Ṣé o mọ̀? Fíìmù tó daṣọ bo ojú Dracula

Ṣé o mọ̀ pé nínú Circus of Fear, fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1966, ìbòjú dúdú ni Christopher Lee, òṣèré tó ṣe Dracula, dé fún apá tó pọ̀ jù nínú eré? Òun ni Gregor, ẹni tó ń kó kìnnìún ṣeré nínú sákọ́ọ̀sì. Ẹ wo irú òwò yìí: wọ́n gba òṣèré tí ojú rẹ̀ nìkan tó dẹ́rù bani, wọ́n wá daṣọ bò ó!

Orúkọ fíìmù ń pariwo ẹ̀rù, àmọ́ ìtàn ọlọ́pàá ni wọ́n gbé wá. Àwọn adigunjalè kọlu ọkọ̀ tó ń kó owó lórí afárá Tower Bridge ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì tọpa owó náà dé àgọ́ sákọ́ọ̀sì. Ìdigunjalè yẹn dùn ún wò gan-an. Lẹ́yìn rẹ̀, ìtàn ń wọ́ bí ìgbín.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gé e kúrú, wọ́n sọ àwòrán aláwọ̀ mèremère di dúdú àti funfun, wọ́n sì pè é ní Psycho-Circus, bóyá kí àwọn tó fẹ́ràn Psycho, fíìmù ẹ̀rù ti Hitchcock, lè sáré wá ra tíkẹ́ẹ̀tì.