Ta Ló Ni Ààrò? Òótọ́ àti Irọ́ nípa Èéfín Ẹja

Irọ́: Àìmọ̀ ló jẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja máa fa èéfín símú. Ẹ ṣáà là wọ́n lọ́yẹ̀.

Òótọ́: Ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣomi lójoojúmọ́ kò nílò olùkọ́ tí yóò sọ fún un pé èéfín ń ta ojú. Ewu náà tóbi lóòótọ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 lágbàáyé ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n láti Ẹ̀bútè Ìkòròdú dé Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹja tí kò bá tà ní tútù gbọ́dọ̀ dórí iná kó tó bàjẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja tó ni ààrò, tó tún ni ilẹ̀ tí ààrò wà, lè gbọ́ ìkìlọ̀ lónìí kó pe bíríkìlà lọ́la. Ọmọbìnrin tó ń bá a yan ẹja ńkọ́, tó bá àwọn èèyàn rẹ̀ wá láti Ìlàjẹ, tí kò tíì gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá? Ta ni yóò sọ fún pé kí wọ́n gbé ààrò kúrò lábẹ́ òrùlé? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Obìnrin ni, ọmọdé ni, àlejò ni, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Irọ́: Bí olùwádìí ìlera bá ti ka obìnrin, tó sì ka àlejò, ó ti ka ọmọbìnrin yẹn mọ́ wọn.

Òótọ́: Ní 1989, Kimberlé Crenshaw, ọ̀mọ̀wé òfin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tọ́ka sí ẹjọ́ tí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ General Motors. Iléeṣẹ́ náà ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú nídìí ẹ̀rọ, ó ní obìnrin aláwọ̀ funfun ní ọ́fíìsì, ilé ẹjọ́ sì kọ̀ láti ka ìyà àwọn obìnrin dúdú sí ìyà ọ̀tọ̀. Báyìí náà ni ìwádìí ìlera ṣe ń fo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ dá: ìyá ẹlẹ́ja dáhùn fún àwọn obìnrin, baálé àwọn apẹja dáhùn fún àwọn àlejò.

Irọ́: Ààrò ìgbàlódé ló máa yanjú rẹ̀.

Òótọ́: Ààrò Chorkor, tó gba orúkọ rẹ̀ láti abúlé apẹja kan ní Accra, ń dín igi kù, mo sì fẹ́ kó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ló ń mọ ààrò. Kí olùwádìí kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, kó sì bá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ti lọ sọ́jà.