Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Búlọ́ọ̀kù Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ti Pẹ́

Láti Badagry títí dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń gbé èrò àti ẹrù lójú ọ̀sà ni ẹ́ńjìnnì wọn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí búlọ́ọ̀kù, èyí tí í ṣe ara irin tí písítìn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bá bàjẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọlọ́kọ̀ ni kí ó wá tòkunbọ̀ rà. Owó ńlá ni. Ìbéèrè kan ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀: kí ló ba ti àkọ́kọ́ jẹ́?

Omi ọ̀sà fúnra rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń fà wọlé láti fi tu búlọ́ọ̀kù lára. Bí ewéko, ọ̀rá tàbí ẹrẹ̀ bá dí ẹnu ibi tí omi ń gbà wọlé, tàbí tí rọ́bà inú pọ́ǹpù omi bá ti gbó, ooru yóò mú kí písítìn há, búlọ́ọ̀kù a sì ha tàbí kí ó sán. Iyọ̀ inú omi náà a máa jẹ irin, a sì máa dí ojú ọ̀nà omi díẹ̀díẹ̀. Bí ọ́ìlì inú epo bẹntiróòlù kò bá tó, ìbàjẹ́ kan náà ni yóò yọrí sí. Ẹni tó bá pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù láìtún èyí ṣe yóò tún un rà láìpẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé inú búlọ́ọ̀kù ha lásán ni, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè gbẹ́ ẹ, kí ó sì fi písítìn tó tóbi díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti sán, tí a fi wẹ́dà tàbí gúlúù dí, kò yẹ kó gbé èrò mọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ rí i pé nọ́ńbà àti irú ẹ́ńjìnnì náà bára mu. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú ihò písítìn kọ̀ọ̀kan. Wọn kò gbọ́dọ̀ jìnnà síra. Ẹ lo gásíkẹ̀tì tuntun àti rọ́bà pọ́ǹpù tuntun, kí wọ́n sì de àwọn bóòtù ní ìwọ̀n àti ní ètò tí olùṣe là sílẹ̀. Ẹ yẹ pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì so mọ́ wò pẹ̀lú, nítorí pákó tó ti jẹrà kò lè gbé e.

Ẹ má ṣe fi tipátipá sá ẹ́ńjìnnì tuntun. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Yamaha tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, lítà ọ́ìlì 1 sí lítà epo 25 ni ìwọ̀n fún wákàtí 10 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni yóò di 1 sí 50. Ìwé olùṣe ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí a kọ́kọ́ dán an wò nítòsí èbúté láìsí èrò nínú ọkọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ máa wo omi tíńrín tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá rọ̀ tàbí tó dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ti inú omi oníyọ̀ dé, ẹ fi omi tútù aláìníyọ̀ ṣan inú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó bá kú láàárín ọ̀sà fi ẹ̀mí àwọn èrò sínú ewu. Ẹ má ṣe kúrò ní èbúté láìjẹ́ pé olúkúlùkù ti wọ ẹ̀wù amúniléfòó.