Ṣé O Mọ̀ Pé Igbó Lè Wà Láàyè Lábẹ́ Ilẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé nínú ìlú Tamale, ní àríwá Gánà, igbó ìjọba kan wà tí ilé ti yí ká? Nyohini ni wọ́n ń pe àdúgbò náà, orúkọ yìí náà ni igbó ọ̀hún ń jẹ́. Ìlú ń fẹ̀, ilé ń wọ inú igbó, àáké ń jẹ igi. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí ló ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó ṣòwò ní Tamale kí ìjọba Busia ní Gánà tó lé àwọn àjèjì ní oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ọ̀dàn ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn: igi òrí àti igi irú ló wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti Òkè-Ògùn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ dá igbó padà sípò kì í kọ́kọ́ wá irúgbìn? Ohun tó ń pa igbó ni yóò kọ́kọ́ dá dúró. Ní ọ̀dàn, iná ọ̀gbẹlẹ̀ ni, àáké àwọn tó ń sun èédú ni, ewúrẹ́ tó ń jẹ̀ kiri ni. Bí a bá fi ìwọ̀nyí sílẹ̀ tí a wá gbin ẹgbẹ̀rún igi, ewúrẹ́ àti iná la gbìn ín fún.

Ṣé o mọ̀ pé igbó tí a rò pé ó ti kú lè máa mí lábẹ́ ẹsẹ̀ wa? Tony Rinaudo, ọmọ Ọsirélíà, ń gbin igi ní agbègbè Maradi ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń kú. Lọ́jọ́ kan ní 1983, ó dúró láti dín afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ rẹ̀ kù nítorí iyanrìn, ló bá rí ewé tó rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó sún mọ́ ọn. Igi tí wọ́n ti gé ni, tó ń hù látara kùkùté. Gbogbo oko tó ń wò bí aṣálẹ̀ ló kún fún irú kùkùté bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò wọn jìn, ó sì wà láàyè, àmọ́ ọdọọdún ni wọ́n ń gé èyí tó bá hù dànù. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní ń rọ́pò; kùkùté wọ̀nyí kò tiẹ̀ kú. Ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ kò gba owó púpọ̀: yan èéhù díẹ̀ tó lágbára, rẹ́ ìyókù, kí o sì dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ ẹran àti iná. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún, igi padà sórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ilẹ̀ ní Nìjẹ̀r. Ní 2009, àjọ World Vision gbé ọ̀nà yìí dé Talensi, ní àríwá Gánà kan náà.

Ṣé o mọ̀ pé ikán, tí gbogbo wa ń bá jà, lè tún ilẹ̀ ṣe? Ní Burkina Faso, àgbẹ̀ kan, Yacouba Sawadogo, gbẹ́ kòtò kéékèèké sórí ilẹ̀ tó le bí àpáta, ó da ìgbẹ́ ẹran sí i kí òjò tó dé. Ìgbẹ́ fa ikán wá, ikán lu ilẹ̀, omi ráyè wọlé. Ọkà bàbà ló kọ́kọ́ ń wá, igbó ló rí. Òun àti Rinaudo jọ wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹni tó gbin èyí tó pọ̀ jù nínú igi òrí inú oko Dagbon, agbègbè tí Tamale wà? Àgbẹ̀ ló ṣí i sílẹ̀ nígbà tó ń ṣán oko, nítorí ó mọ̀ pé igi òrí lè pẹ́ tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Igi irú ní tirẹ̀ jẹ́ ti olóyè nípa àṣà, oko ẹnikẹ́ni tí ì báà wà. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ tún ilẹ̀ ṣe níbẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jókòó pẹ̀lú olóyè, àgbẹ̀ àti àwọn obìnrin tó ń ṣa èso òrí, kó tó gbé ọkọ́. Nínú ìlànà mẹ́wàá lórí dídá àyíká padà sípò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2021, ọ̀kan ni pé kí ọ̀rọ̀ má fo àwọn tó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Dóńgóyárò ńkọ́? Láti Éṣíà ló ti wá. Ó ń hù kíákíá, ó ní òjìji, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú pópó. Àmọ́ ọ̀dàn tó kún fún dóńgóyárò nìkan kì í ṣe ọ̀dàn tó padà sípò.

Ṣé o mọ̀ pé àdán ni olùgbìn tó ju gbogbo wa lọ? Òun ló ń lọ sídìí òdòdó igi irú lóru tí igi náà fi ń so. Àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí lórí àdán ńlá ní Gánà rí i pé ó lè gbé irúgbìn kéékèèké dé kìlómítà 75. Ní Malshegu, lẹ́yìn Tamale, igbó òrìṣà Kpalevorgu wà, tí kò tó hẹ́kítà kan, tí àwọn ará ibẹ̀ kò jẹ́ kí àáké tàbí iná wọ̀. Láti irú ibẹ̀ dé Nyohini, ìrìn òru kan péré ni fún àdán. Ṣùgbọ́n ibi tí àdán bá bà sí ni irúgbìn ti ń bọ́, nítorí náà àwọn igi gíga díẹ̀ tó ṣẹ́kù ní Nyohini ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá sí, kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀ lórí igi tuntun.