Àbámọ̀ Ọba Ashoka
Ní nǹkan bí ọdún 261 ṣáájú ìbí Kristi, Ashoka, ọba ilẹ̀ Íńdíà, ṣẹ́gun Kalinga. Nínú ìkéde kẹtàlá tí ó mú kí a gbẹ́ sára àpáta, ó jẹ́wọ́ pé 100,000 ènìyàn ni a pa, a sì kó 150,000 kúrò nílé wọn. Àbámọ̀ sì bá òun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Ní Dhauli àti Jaugada, ní ilẹ̀ Kalinga gan-an, a kò rí ìkéde yìí. Dípò rẹ̀, ọba pàṣẹ fún àwọn ìjòyè rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ènìyàn gbogbo bí ọmọ òun. Ìtìjú ni, tàbí ọgbọ́n ìṣèlú? Ẹni tí ń ka ìtàn àtijọ́ gbọ́dọ̀ wo ohun tí a kọ, kí ó sì wo ibi tí a kò kọ ọ́ sí.