Ìdẹwọ́ Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ: Ìwádìí lórí Ikọ̀ Iṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ tí Ó Bá A Mu

Àwọn Yorùbá gbà pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún fi hàn pé agbára ọwọ́ tí a gbá jọ kì í sábà tó àròpọ̀ agbára ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí a bá fún àdánù yìí ní èdè Yorùbá ni yóò pinnu ẹni tí a óò dá lẹ́bi. Kí a tó dé ibẹ̀, 'ikọ̀ iṣẹ́' ni ó yẹ kí a pe àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n sì jọ ń jíhìn rẹ̀, nítorí pé 'ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́' ti di orúkọ àjọ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Max Ringelmann, onímọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ wọn àdánù náà. Láàárín ọdún 1882 sí 1887 ó ní kí àwọn ọkùnrin fa okùn; ọdún 1913 ni ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Bí a bá pe agbára ẹni tí ó dá fa okùn ní 100, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú wá di 93 nígbà tí wọ́n jẹ́ méjì, ó sì di 49 nígbà tí wọ́n di mẹ́jọ. Àlàyé tí Ringelmann gbé síwájú jù ni pé wọn kò fà á lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni a lè pè ní 'àdánù àìṣedéédéé'.

Ní ọdún 1974, Alan Ingham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi aṣọ di ojú ẹni tí ń fa okùn. Ó rò pé àwọn mìíràn ń bá òun fà á lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kàn ń díbọ́n. Kò sí ẹni tí fífà rẹ̀ lè ṣe ségesège pẹ̀lú tirẹ̀, síbẹ̀ agbára rẹ̀ dínkù. Ní ọdún 1979, Bibb Latané, Kipling Williams àti Stephen Harkins rí irú rẹ̀ nínú ariwo pípa àti àtẹ́wọ́.

Èyí ni àwọn kan fẹ́ máa pè ní 'ọ̀lẹ'. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu. Ìwà ènìyàn ni ọ̀lẹ, ó sì máa ń bá a dé ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹni tí agbára rẹ̀ dínkù nínú ọ̀pọ̀ ni ó lo gbogbo agbára nígbà tí ó dá wà. 'Ìdẹwọ́' ni ó tọ́, nítorí pé ọwọ́ tí ó dẹ̀ lè le padà. Ìwádìí ọdún 1981 fi èyí hàn: nígbà tí àwọn tí ń pariwo mọ̀ pé a ń dá ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, ìdẹwọ́ kò sí mọ́. Ní ọdún 1993, Steven Karau àti Williams kó ìwádìí 78 jọ, wọ́n sì rí i pé ìdẹwọ́ máa ń dínkù bí iṣẹ́ náà bá ní ìtumọ̀ lójú ẹni tí ń ṣe é.

Ètò àáró bá ẹ̀kọ́ yìí mu. Oko ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a ń ṣe ní ìtẹ̀léǹtẹ̀lé. Ẹni tí ó bá dẹwọ́ lóko ẹlòmíràn mọ̀ pé ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣíṣọ́ni nìkan kò tó. Ní ọdún 1999, Amy Edmondson tẹ ìwádìí lórí ikọ̀ 51 ní ilé iṣẹ́ kan jáde. Ó rí i pé níbi tí ẹnì kan ti lè jẹ́wọ́ àṣìṣe tàbí béèrè ìrànlọ́wọ́ láìbẹ̀rù ìtìjú ni ikọ̀ ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ náà ni ó sì ń mú iṣẹ́ wọn dára. 'Àìfòyà nínú ikọ̀' yẹ fún èyí. 'Ìfọ̀kànbalẹ̀' lè mú kí a rò pé ìsinmi ni.

Nítorí náà, ọ̀gá tí ó bá pe ìdẹwọ́ ní ọ̀lẹ yóò lé òṣìṣẹ́ kúrò, ìdẹwọ́ yóò sì tún bá ẹni tí ó gbà sípò rẹ̀. Èyí tí ó bá pè é ní orúkọ rẹ̀ yóò tún ètò iṣẹ́ ṣe.